Ìwé Yorùbá wo lẹ ń kà lọ́wọ́ báyìí?

Àdùkẹ́ Mọ́níyà

Ẹ kú ilé o. Ìwé Yorùbá wo ló wà lọ́wọ́ yín lásìkò yìí? Èyí tẹ́ ẹ kà nílé ìwé tẹ́ ẹ ti gbàgbé kọ́ ni mò ń bèèrè o. Èyí tẹ́ ẹ ṣí lánàá, tẹ́ ẹ tún máa ṣí lálẹ́ òní ni. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ bá a dé, kẹ́ ẹ sì sọ bó ṣe rí lára yín.

Èmi ń ka *Efúnṣetán Aníwúrà*, eré oníṣe tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970. Ìdánwò ni mo tìtorí ẹ̀ kà á ní girama. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì tì í, mo sì ń ka méjèèjì pọ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Nínú eré, Efúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, ti ṣòfin pé ẹrúbìnrin rẹ̀ tó bá lóyún, pípa ni. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, wọ́n sì pa á. Ìlú Ìbàdàn gbógun ti Ìyálóde, Látòósà, Ààrẹ tó ń ṣolórí Ìbàdàn, sọ ọ́ dẹrú, obìnrin náà sì gbé májèlé jẹ. Ẹni tó bá ka ìyẹn tán á ní ìyà tó tọ́ sí i ló jẹ. Àmọ́ nínú ìwé Johnson, ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn lọ́dún 1874 kò mẹ́nu kan aláboyún rárá. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ìpèsè kankan ránṣẹ́ sójú ogun, pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń ti ogun bọ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ó san owó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbọ́. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, àwọn ẹrú ilé rẹ̀ pa á nínú yàrá rẹ̀, ọmọ tó gbà tọ́ sì mọ̀ sí i.

Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn. Obìnrin tó ń ta nǹkan ìjà fún àwọn ológun Ìbàdàn láwìn ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Mo fẹ́ràn eré náà gan-an, èdè ibẹ̀ ń wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé èyí tó pọ̀ jù nínú wa, eré yẹn nìkan la fi mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Òkè-Bọ́lá

*Àjà Ló Lẹrù*, ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. 1969 ló jáde. Inú rélùwéè tó ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn ni mo ti ń kà á. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, òun àti Táfà Ìgírípá ni wọ́n ń lé àwọn ọ̀daràn kiri. Mo dé Mọ́níyà, ibùdókọ̀ tìrẹ Àdùkẹ́, mi ò mọ̀ pé a ti dé. Èèyàn ló fọwọ́ kàn mí.

Ẹ ò lè fi ìwé yẹn wé nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ìta, ọ̀rọ̀ awakọ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an ló wà níbẹ̀. Tí mo bá parí ẹ̀, *Àgbàlagbà Akàn* ló kàn, torí Lápàdé ló tún wà nínú ìyẹn.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun tó o dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní *Efúnṣetán Aníwúrà* títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà, jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn Ìṣọ̀lá díẹ̀.

Eré ni. Ẹni tó ń kọ eré fún orí ìtàgé nílò ohun tí èrò máa fi ojú rí. Ẹ̀sùn mẹ́ta tó o kà yẹn, ọ̀rọ̀ àárín ìjòyè sí ìjòyè ni, ọ̀rọ̀ agbára. Bí o bá gbé e sórí ìtàgé bẹ́ẹ̀, àwọn ọkùnrin á kàn jókòó máa sọ̀rọ̀ ni. Ìṣọ̀lá mú ìwà ìkà kan, ó fi sí ojútáyé, ó wá jẹ́ kí Ìyálóde fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lórí àìrọ́mọ. Tún ibẹ̀ kà. Òǹkọ̀wé náà ò sọ pé obìnrin yẹn kò ní ọkàn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Johnson náà kì í ṣe ojú Ọlọ́run. Òótọ́ ni pé ó ń gbé Ìbàdàn lásìkò yẹn, olùkọ́ ni nílé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì CMS, ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí rẹ̀ ló ń sọ. Àmọ́ ọmọ ìjọ ni, ẹni tó sún mọ́ àwọn òyìnbó ni, ó sì níbi tó ti ń wo àwọn ológun Ìbàdàn. Ìwé méjèèjì ni kó o máa fi ojú tó là kà.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi: *Rẹ́rẹ́ Rún*, ti Òkédìjí kan náà tí Ọmọ Òkè-Bọ́lá ń pariwo ẹ̀. Eré oníṣe ni, 1973. Láwúwo, olórí àwọn òṣìṣẹ́, ń bá àwọn ọlọ́lá jà lórí owó oṣù. Mo ti kà á rí, mo tún ń kà á nítorí ohun tí mo ń gbọ́ nínú ìròyìn lójoojúmọ́ lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Kò sí ìwé Yorùbá mìíràn tó bà mí nínú jẹ́ tó o.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Mo gbà pé eré nílò ohun tí ojú máa rí. Ohun tí mi ò gbà ni pé ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ère Ìyálóde wà ní oríta Challenge n'Ìbàdàn níbí, ọkọ̀ ń yí i po látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń kọjá níbẹ̀ pé ta nìyẹn. "Obìnrin ìkà tó ń pa aláboyún" ni wọ́n máa sọ. Wọn ò ní sọ pé olówó ni, wọn ò ní sọ pé Ìyálóde gbogbo Ìbàdàn ni, wọn ò ní sọ pé ó kọ̀ láti máa ná owó rẹ̀ sórí ogun Látòósà. Tí tíṣà bá fi ojú ìwé méjì péré nínú Johnson kún eré yẹn ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ibi tó o wá yìí, mo bá ọ débẹ̀. Ojú ìwé méjì kò pọ̀ jù fún kíláàsì kankan. Màá sọ ọ́ fún àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá Tọ́lá, London

Ẹ kú àṣálẹ́ níbẹ̀ yẹn. Àsìkò tí mo máa ń rí kàwé ò tó nǹkan, àmọ́ ọmọ mi ọmọ ọdún mọ́kànlá ló fipá mú mi. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kò lè kà á. *Ogun Ọmọdé* ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá la jọ ń kà. Mo máa ka ìpínrọ̀ kan, òun náà máa kà á tẹ̀ lé mi. Ó ń rẹ́rìn-ín gan-an nítorí àwọn ìwàkuwà tí àwọn ọmọ inú ìwé ń hù.

Ìbéèrè mi rèé: tá a bá parí ẹ̀, kí ló kàn? Ìyá mi ní Fágúnwà. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ṣí *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, gbólóhùn kan gùn tó ojú ewé kan!

Fún ara tèmi, ẹ júwe ìwé ìfẹ́ kan fún mi, ẹ jọ̀ọ́.

Mojí Ìlọrin

*Ó Le Kú*! Ìṣọ̀lá náà ni, 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ń wá ìyàwó: Àṣàkẹ́, Lọlá, Ṣadé. Tẹ́ ẹ bá ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997, tẹ́ ẹ rí bùbá pẹ̀lú ìró péńpé tí gbogbo èèyàn wá ń rán kiri lẹ́yìn náà, ẹ mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣì ka ìwé yẹn. Mo ń kà á lẹ́ẹ̀kan sí i báyìí, inú mi ò sì dùn sí Àjàní rárá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo rò pé ìfẹ́ ló ń bá a jà. Báyìí mo rí i pé ojo ni, kò lè la ẹnu sọ òótọ́ fún ẹnì kankan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn, àwọn ló sì jẹ ìyà ẹ̀.

Ọmọ Òkè-Bọ́lá

Mojí, rọra. Ìyá Àjàní ńkọ́? Ìyá ń fúngun mọ́ ọn pé kó mú ìyàwó wálé kíákíá. Ọkùnrin tó wà láàárín ìyá àti ìfẹ́, kò rọrùn.

Mojí Ìlọrin

Ìyá ní kó fẹ́ ìyàwó. Ìyá ò ní kó máa ṣèlérí fún mẹ́ta.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Kétu ni mo ti wá, ní Bẹ̀nẹ̀, Kùtọnu ni mò ń gbé. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá, inú Bíbélì Mímọ́ àti ìwé orin. Lọ́dọ̀ wa, tí ìjọba bá kọ Yorùbá sílẹ̀, *kp* ni wọ́n fi ń kọ ohun tí ẹ̀yin fi *p* kọ, *ɛ* àti *ɔ* ni wọ́n ń lò dípò èyí tẹ́ ẹ fàmì sábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìwé tó bá ti Nàìjíríà wá máa ń kọ́kọ́ ṣàjèjì sí ojú mi, lẹ́yìn náà yóò wá mọ́ mi lójú.

Ìyá Tọ́lá, mo fẹ́ bá yín sọ ohun kan nípa Fágúnwà, torí òun ni mò ń kà. *Ògbójú Ọdẹ* kan náà. Ní 1938 ló jáde. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi, àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: "aiye", "enia", "nwọn". Ó rí bákan náà pẹ̀lú Bíbélì tí wọ́n parí ní 1884. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lè ka Fágúnwà, ó dá mi lójú. Àní ohùn gan-an jọra. Nígbà tí mo dé Òkè Làǹgbòdó, níbi tí Ìrágbèje ti ń kọ́ àwọn ọdẹ lọ́gbọ́n fún ọjọ́ méje, ńṣe ló dà bíi pé mo wà lórí àga ìjọ.

Àmọ́ má ṣe fi ojú nìkan kà á. Ẹ kà á sókè. Gbólóhùn tó gùn tó ojú ewé kan yẹn, ẹnu ló wà fún. Tẹ́ ẹ bá fi ẹnu kà á, ẹ ó mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa mí.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà

Ọmọ Kétu, ẹ kú àdúrótì èdè. Ṣùgbọ́n màá sọ tọkàntọkàn pé ìwàásù Ìrágbèje máa ń sú mi. Mo fẹ́ràn ìgbà tí Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, wà nínú igbó, nígbà tí Kàkò, Ìmọ́dòye, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ́de-Ọdẹ, Ẹ̀fọ́ìyẹ̀ àti Àràmàdà-Òkùnrin jọ ń lọ, tí kálukú sì ń lo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Tí ìwàásù bá ti dé, mo máa ń fò ó.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Má fò ó mọ́! Tíṣà ni Fágúnwà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ìkọ́ni ló ń ṣe nínú igbó yẹn. Ìrìnàjò ni ọ̀nà tó gbà gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ìmọ̀ràn ni ohun tó fẹ́ kó kù síni lọ́wọ́. Ọmọ Òkè-Igbó ni, 1903 ni wọ́n bí i, omi ló sì gbé e lọ nítòsí Bida lọ́dún 1963. Kó tó lọ, ó ti fi *Igbó Olódùmarè*, *Ìrèké Oníbùdó*, *Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje* àti *Àdììtú Olódùmarè* sílẹ̀ fún wa. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ Yorùbá tó ti ka Fágúnwà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí, tí kò tíì fọwọ́ kan ojúlówó.

Fún ọmọ Ìyá Tọ́lá, àmọ́, èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fágúnwà. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà nílò gbólóhùn kúkúrú. Ẹ wá *Aláwìíyé* ti J. F. Ọdúnjọ, kó fi mọ àmì ohùn. Lẹ́yìn náà, *Kúyẹ̀*, Ọdúnjọ kan náà. Ìtàn ọmọdékùnrin kan tí ìyà jẹ gan-an ni, ọmọ á fẹ́ mọ ibi tó yọrí sí. Ìgbà tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹ wá gbé Fágúnwà fún un.

Ọmọ Kétu

Mo ń fọ̀wọ̀ hàn, Bàbá, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Mo ń ka *Ògbójú Ọdẹ* fún àbúrò mi obìnrin, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ohun tí kò yé e, ó ń fò ó, ó sì ń bi mí léèrè lọ́jọ́ kejì. Níbi tí ìtàn iwin bá wà, ọmọdé á jókòó ti ẹni tó ń sọ ọ́, kò ní lọ. Òun lè má lè kà á fúnra rẹ̀, àmọ́ ó lè gbọ́ ọ.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Kíkà fún un yàtọ̀ sí kí òun fúnra rẹ̀ kà. Lórí kíkà fún un, o jàre.

Ìyá Tọ́lá, London

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tá a máa ṣe nìyí: *Kúyẹ̀* ni òun máa kà fún mi, Fágúnwà ni èmi máa kà fún un. Mojí, mo ti bẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kó bá mi gbé *Ó Le Kú* bọ̀ tó bá ń bọ̀.

Fẹ́mi Houston

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ nípa Sẹ̀gilọlá! *Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá*, ti Isaac Thomas. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Fágúnwà ló kọ́kọ́ kọ ìtàn àròsọ gígùn ní Yorùbá, àmọ́ inú ìwé ìròyìn *Akéde Èkó* ni Sẹ̀gilọlá ti jáde láàárín 1929 sí 1930, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó ṣe é ní ìwé. Thomas ni olóòtú ìwé ìròyìn náà.

Lẹ́tà ni gbogbo rẹ̀. Obìnrin Èkó kan tó ti lo ẹwà rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin nígbà èwe, tí àìsàn ti wá dá dùbúlẹ̀, ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún aráyé. Ó máa sọ ohun tó lárinrin, á sunkún, á fi orin ìjọ sí i, á tún padà sórí fàájì. Ó dáńgájíá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn náà fi gbà pé obìnrin tòótọ́ ni, àwọn kan ń kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn nítorí rẹ̀, àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Ẹ rántí pé kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí nínú èdè wa nígbà yẹn.

Ẹ̀dà tí mo ní ni èyí tí Karin Barber ṣe, tó jáde ní 2012. Yorùbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì wà. Èkó ayé àtijọ́ wà nínú ìwé yẹn: òpópónà, aṣọ, àríyá, orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn. Àdùkẹ́, ìwọ tó ń ro bí àwọn ọkùnrin ṣe ń kọ ìtàn obìnrin, kà á. Ọkùnrin ló fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì yẹ kó o sọ èrò rẹ fún wa.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, ẹ ti bá mi wá iṣẹ́. Màá wá a. Ṣé ó wà ní Nàìjíríà?

Bàbá Oníwèé

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ta ìwé dá sí i. Èyí tí Barber ṣe yẹn, mi ò rí i lọ́jà rí, ilé ìkàwé yunifásítì ni kí ẹ lọ wò. *Efúnṣetán* àti *Ó Le Kú* wà, University Press ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ níbí n'Ìbàdàn. Fágúnwà náà kò ṣòro. Àwọn ti Òkédìjí ló ń fún àwọn èèyàn ní wàhálà. *Àgbàlagbà Akàn* àtijọ́ máa ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń tà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú o. Àwọn kan ń da ìwé kọ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì ohùn sí i, ó ṣẹlẹ̀ pé àmì abẹ́ *ẹ*, *ọ* àti *ṣ* gan-an kì í sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí àárín ìwé, kì í ṣe ojú ewé kìíní, torí àwọn oníjìbìtì máa ń tún ojú ewé kìíní ṣe. Bí ẹ bá rí "Efunsetan" láìní àmì kankan lábẹ́ *s*, ẹ dá a padà. Ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irú ẹ̀, á bà á jẹ́.

Mojí Ìlọrin

Ẹ̀yin ò tíì dárúkọ Adébáyọ̀ Fálétí. *Ọmọ Olókùn Ẹṣin*, 1969, àwọn ará Òkè-Ògùn tí wọ́n fẹ́ bọ́ lábẹ́ ìsìnrú Ọ̀yọ́. Ju ẹnì kan lọ ló ń sọ ìtàn náà, ohun tí ẹnì kan ò rí, ẹlòmíràn á sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló gbé ìjà yẹn lórí. Bàbá Oníwèé, ṣé ẹ ní in?

Bàbá Oníwèé

Méjì ló kù. Kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá fi ọ̀kan pamọ́ fún ọ.

Ọmọ Òkè-Bọ́lá

Mo parí *Àjà Ló Lẹrù*. Mi ò ní sọ òpin rẹ̀ nítorí àwọn tí kò tíì kà á. Bàbá, kí *Àgbàlagbà Akàn* tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ jẹ́ tèmi, mo bẹ̀ yín.

Mo ní àbá kan. Tíṣà ń ka *Rẹ́rẹ́ Rún*, ó kúrú, eré ni, a lè jọ kà á. Kí kálukú mú ẹni tó máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ká máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tíṣà ni kó ṣe Láwúwo.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Mo gbà. Àdùkẹ́ ni kó ṣe Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀. Fẹ́mi, wo ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ jà, ohùn rẹ á gbé e. Ìran kìíní nìkan ni ká ṣe lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, kí Ìyá Tọ́lá àti Fẹ́mi lè ráyè níbi tí wọ́n wà. Ẹni tí kò bá ní ìwé náà kó sọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, màá ya fọ́tò ojú ewé ìran náà ránṣẹ́.

Ìyá Tọ́lá, London

Mi ò ní in, Tíṣà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Tọ́lá náà ní òun fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá pọ̀.